Bí ẹ ṣe lè máa fi kíkun kọ́míìkì jẹun láti Èkìtì

Kí kọ́míìkì kan tó dé ọwọ́ ẹni tó ń kà á, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti kọjá. Ẹnìkan á kọ ìtàn. Ẹnìkan á fi pẹ́ńsùlù yà á, òun náà tàbí ẹlòmíràn á fi tàdáwà tọ ìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ojú ìwé náà, funfun òun dúdú lásán, fún ẹni tí yóò kùn ún. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú bálúùnù, ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn inú ìtàn máa ń wà, ló sábà máa ń gbẹ̀yìn. Èmi ni mo máa ń kùn ún. Adó-Èkìtì ni mo jókòó sí, àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún mi wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, èmi àti ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì tíì fojú kojú rí. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ àwòrán yà ní EKSU àti ní FUOYE, yunifásítì méjì ní Èkìtì níbí, máa ń bi mí pé báwo làwọn náà ṣe lè wọlé. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí, mo kàn tò ó bó ṣe yẹ kí ẹ ṣe é ni.

Ẹ di ohun kan mú kí a tó bẹ̀rẹ̀: kì í ṣe ẹwà nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún yín. Wọ́n ń sanwó kí ẹni tó ń ka ìwé náà lè mọ ibi tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà, kí ó mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí ó ti ṣú, kí ó mọ ẹni tí inú ń bí, kí ó tó ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ojú ìwé tó rẹwà àmọ́ tí ojú ò mọ ibi tí yóò bà sí, iṣẹ́ ò tíì parí lórí rẹ̀.

Ohun èlò

Èyí ò gba àlàyé púpọ̀. Láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ tó 16GB ló máa fún yín ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ lè fi 8GB bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n á máa fà. Ẹ ra tábílẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán kékeré tí kò ní ojú tirẹ̀, tí ẹ ó fi okùn so mọ́ láptọ́ọ̀pù. Huion, XP-Pen àti Wacom ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ má torí èyí tó lójú yá owó. Ní ti ètò orí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni Krita, ó lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọ̀ ìtẹ̀wé, ó sì lè gbé fáìlì PSD, irú èyí tí Photoshop ń lò, jáde. Photoshop àti Clip Studio Paint ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ ó bá ṣiṣẹ́ ń lò. Èyí tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ mọ̀ ọ́n lò délẹ̀délẹ̀.

Nígbà tí fáìlì bá dé

Ẹ má tíì kùn ún. Ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó dáadáa. Ojú ìwé kọ́míìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń tó ínṣì 6.625 ní ìbú àti bí 10.25 ní gígùn lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán. Ẹ ó fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kun ibẹ̀ náà, nítorí ọ̀bẹ ilé ìtẹ̀wé kì í balẹ̀ sójú kan náà nígbà gbogbo. Bí ó bá jẹ́ 600 dpi, ìyẹn àmì àwọ̀ kéékèèké (píksẹ́lì) 600 nínú ínṣì kan, ojú ìwé kan di píksẹ́lì 4,125 sí 6,300. Èyí lé ní mílíọ̀nù 25. Ní àwọ̀ mẹ́rin ìtẹ̀wé, bíi 104MB nìyẹn kí ẹ tó fi layer kankan, ìyẹn ìpele tí a ń tò léra nínú fáìlì, lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi mẹ́nu ba RAM lókè.

Bí ìlà bá dé ní 150 dpi tàbí bó bá jẹ́ fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà, ẹ dá a padà tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n fi ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ bèèrè ìtàn náà pẹ̀lú. Mo ti kun ojú ọ̀run ní àwọ̀ ọ̀sán gangan rí, kó tó di pé mo rí i nínú ìtàn pé aago márùn-ún ìdájí ni.

Flat

Orúkọ tí gbogbo àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè é nìyẹn. Ẹ ó gbé ìlà sí layer òkè, kí ẹ fi sí Multiply kí funfun rẹ̀ lè pòórá. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó fi àwọ̀ kan ṣoṣo kún ohun kọ̀ọ̀kan: awọ ara lọ́tọ̀, fìlà lọ́tọ̀, ògiri lọ́tọ̀, bàtà lọ́tọ̀. Kò pọn dandan kí àwọ̀ náà tọ̀nà nísinsìnyí. Ohun tó pọn dandan ni kí etí rẹ̀ mú ṣáká. Ẹ pa anti-alias, ohun tó ń mú etí àwọ̀ rọ̀ bàìbàì, nídìí gbogbo ohun èlò tí ẹ bá ń lò, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọ̀ náà wọ abẹ́ ìlà dáadáa. Bí etí bá ṣú bàìbàì, ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ fi magic wand, ohun èlò tó ń mú ibi tí àwọ̀ rẹ̀ jọra, mú fìlà yẹn nìkan, á fi eruku píksẹ́lì sílẹ̀ yíká rẹ̀, eruku náà á sì jáde lórí bébà. Colorize Mask inú Krita lè dín iṣẹ́ yìí kù fún yín, ṣùgbọ́n ẹ padà yẹ etí rẹ̀ wò.

Iṣẹ́ tó ń súni ni flat, mi ò ní tàn yín. Síbẹ̀ òun ni ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kì í sábà ní àsìkò láti ṣe é fúnra wọn, wọ́n máa ń wá ẹni tí yóò bá wọn ṣe é kíákíá. Flat ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe é fún ẹ̀gbọ́n kan ní Èkó fún oṣù mẹ́jọ. Owó rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ fáìlì tó ti kùn tán ló máa ń fi ránṣẹ́ padà sí mi pé kí n wò ó. Ilé ẹ̀kọ́ mi nìyẹn.

Funfun, pupa, dúdú

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀.

Àwọn bàbá wa ò pe àwọ̀ lórúkọ jàǹtìrẹrẹ. Epo pupa, ọsàn tó pọ́n pupa, ilẹ̀ oko pupa. Aró dúdú, ewé tó tutù yọ̀yọ̀ náà dúdú. Ẹfun funfun. Àwọn kan máa ń sọ pé àìtó èdè ni. Kì í ṣe àìtó rárá. Ọgbọ́n tí akun-àwọ̀ nílò gan-an ló wà níbẹ̀. Ohun tí ojú ń kọ́kọ́ rí kì í ṣe pé aṣọ kan jẹ́ búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Ó ń rí i bóyá ó mọ́lẹ̀, bóyá ó ṣókùnkùn, bóyá ó gbóná.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú àwọ̀ kankan, ẹ sọ ojú ìwé náà di kékeré bíi páálí ìṣáná lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì pín gbogbo ohun inú rẹ̀ sí ìkòkò mẹ́ta péré: funfun, pupa, dúdú. Ẹ jìnnà sí i díẹ̀. Ṣé ẹ ṣì rí ẹni tí ìtàn ń sọ nípa rẹ̀? Bí ẹ ò bá rí i, àwọ̀ ẹgbẹ̀rún kan ò lè gbà á là. Ẹ tún un pín.

Àpẹẹrẹ kan rèé láti inú iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àpótí márùn-ún, ìyẹn àwòrán tí ìlà yí ká, ló wà lójú ìwé náà. Èkíní, òkè Olósùnta ní Ìkéré, àárọ̀ ọyẹ́. Èkejì, obìnrin kan ń yan gàrí nídìí iná. Ẹ̀kẹta, ojú obìnrin náà bó ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹrin, òjìji ọkọ rẹ̀ tí í ṣe ọdẹ, lẹ́nu ọ̀nà. Ìkarùn-ún, ojú ọdẹ náà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ sí àpótí ìkarùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ìtàn náà, mo sì fẹ́ kí ó jẹ́ pupa kan ṣoṣo tó jò bí iná lójú ìwé náà. Ìyẹn ló sọ ohun tí mo máa ṣe síbi yòókù. Páànù tó ti dógùn-ún lórí àwọn ilé Ìkéré pupa lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fi eérú pa á títí tó fi sún mọ́ àwọ̀ obì gbígbẹ. Iná ìdáná, mo gbé e lọ sápá ìyeyè, kò dé pupa. Olósùnta fúnra rẹ̀, mo kùn ún bí a ti ń rí i láti ọ̀nà Adó nígbà tí ọyẹ́ bá mú: kò dúdú rárá, ó rí bí èéfín tó fẹ́ pòórá, nítorí ohun tó bá jìnnà nínú ọyẹ́ máa ń funfun díẹ̀díẹ̀. Ní àpótí ẹ̀kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà tó kọjú sí iná gbóná, èyí tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà tutù bí ìdájí. Ẹni tó bá ti dé Ìkọ̀gọ̀sì á mọ ohun tí mo ń sọ, níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù: ìgbà tí ẹ bá ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà lẹ máa mọ bí èyí ṣe gbóná tó. Nígbà tí ẹni tó kọ ìtàn náà rí i, ohun tó kọ padà ni pé òun ò tíì ka bálúùnù kankan tí ẹ̀rù fi ba òun.

Ẹ tún lọ wo àwòrán ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkéré. Lọ́dún 1924 ni wọ́n gbé e lọ sí ibi àfihàn kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní, ní British Museum. Àpótí àpótí ni ìtàn rẹ̀ tò, bíi kọ́míìkì gan-an. Ẹ wo bó ṣe yọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ síwájú, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára pákó, tó sì jẹ́ kí ọnà ẹ̀yìn wọn pẹlẹbẹ. Ẹni tó ṣe kókó wà níwájú, ẹ̀yìn ò bá a jà. Ohun tó fi ọ̀bẹ ṣe nìyẹn, ohun kan náà lẹ ó fi àwọ̀ ṣe.

Awọ ara wa

Ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn mi gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ti kọjá lójú mi, àwọ̀ kan náà ni wọ́n fi kun gbogbo aláwọ̀ dúdú, wọ́n á wá fi dúdú pò ó níbi tí òjìji bá wà. Awọ náà á sì ṣe bí ìdí ìkòkò, kò ní ẹ̀mí. Àwa tí a ní adúmáadán àti apọ́nbéporẹ́ lẹ́nu, kò yẹ kí ó jẹ́ ọwọ́ wa ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò ti jáde.

Ẹ jókòó lẹ́nu ọ̀nà yín ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ojú ẹni tó ń bọ̀. Níwájú orí adúmáadán, ìmọ́lẹ̀ tó tàn kì í ṣe àwọ̀ ara tó mọ́ sí i. Àwọ̀ ojú ọ̀run ló ń dán níbẹ̀, ó tutù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ búlúù. Lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, níbi tó yẹ kí ó ṣókùnkùn, ẹ óò rí i pé pupa díẹ̀ wà níbẹ̀: ilẹ̀ pupa tó dúró lé ló ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sí i. Etí rẹ̀ tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Apọ́nbéporẹ́ yàtọ̀, ní tirẹ̀, òjìji máa ń lọ sápá àwọ̀ obì, imú àti ìgúnpá á sì pọ́n ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ àwọn méjèèjì mọ́ ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, àwa tí a ń kà á á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, òjìji awọ ara, ẹ má fi dúdú ṣe é. Ẹ fi àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ èsè ṣe é lórí layer Multiply, kí ẹ ṣe é fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí èèyàn mẹ́ta bá wà nínú ìtàn, ẹ ya awọ wọn sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tọ́jú àwọ̀ wọn sínú fáìlì kan tí ẹ ó máa ṣí fún gbogbo ojú ìwé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á di pé ẹ̀gbọ́n pọ́n ju àbúrò lọ lójú ìwé 4, kí àbúrò tún wá pọ́n ju ẹ̀gbọ́n lọ lójú ìwé 9.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ọwọ́ kúrò. Àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ó máa dán ohun gbogbo títí ìlà ẹni tó yà á á fi sọnù. Ìlà yẹn, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni, ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Bébà kì í tàn bíi gíláàsì

Mo kun ojú ìwé mẹ́fà kan rí tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òru. Lójú láptọ́ọ̀pù mi ó dára gan-an. Mo ti gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè pátápátá. Nígbà tí ìwé dé, àfi bí ẹni pé wọ́n fi èédú pa á. Ẹni tó ni ìwé náà ò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ohun tó fà á ni pé ojú kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde, bébà kì í tàn. Tàdáwà mẹ́rin ni ilé ìtẹ̀wé ń lò: búlúù, àlùkò, ìyeyè àti dúdú. Bí ẹ bá to gbogbo wọn jọ síbì kan, bébà á mu ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní gbẹ bọ̀rọ̀, á sì di ìdọ̀tí. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ní iye tí àpapọ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá, 300% ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn (tàdáwà kọ̀ọ̀kan lè dé 100%). Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà gbọ́dọ̀ wà lórí tàdáwà dúdú nìkan, kí ó má baà ní òjìji bí bébà bá yẹ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Òru, ẹ fi búlúù tó wà láàárín ṣe é, kí ẹ fi dúdú gidi pamọ́ fún ìlà àti ibi méjì mẹ́ta. Àwọ̀ ewé tó ń kọ mànà lójú kọ̀ǹpútà á rọ lórí bébà, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Ẹ yí fáìlì sí CMYK, ìyẹn àwọ̀ tàdáwà mẹ́rin yẹn, kí ẹ rí i fúnra yín kí oníbàárà tó rí i.

Láti ìgbà náà, mo máa ń mú ojú ìwé kan lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Adó kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi, kí n tó fi iyókù ránṣẹ́. Mo máa ń gbé e jáde síta, kí n wò ó nínú oòrùn.

Kí wọ́n lè rí yín

Ẹ tọ́jú ojú ìwé mẹ́fà sí mẹ́jọ tó tẹ̀lé ara wọn, kì í ṣe àwòrán akọni kan tó dúró gànràn-gànràn. Ẹni tó fẹ́ gbà yín fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè fi àwọ̀ sọ ìtàn láti àpótí kan dé òmíràn. Kí ọ̀kan jẹ́ òru, kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀sán, kí ọ̀kan jẹ́ inú ilé. Bí ẹ ò bá ní ìlà, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n yà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ jọ ṣe é. Ẹ má kun ìlà onílà kí ẹ gbé e síta láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé kúkúrú sí àwọn tó ń ṣe kọ́míìkì, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti lè rí iṣẹ́ yín. Lagos Comic Con, àpéjọ àwọn oníkọ́míìkì, náà wà lọ́dọọdún, ẹ wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán.

Owó

Iye lórí ojú ìwé kan ni wọ́n ń san. Bí mo ṣe ń ṣírò tèmi rèé. Ká ní flat gba yín ní wákàtí 2, kíkùn gba wákàtí 5: wákàtí 7 lórí ojú ìwé kan. Ìwé ojú ewé 22 á gba wákàtí 154. Bí ẹ bá ń ṣe wákàtí 6 lóòjọ́, ọjọ́ 26 nìyẹn. Oṣù kan ti lọ. Ẹ wá ka gbogbo ohun tí oṣù kan ń ná yín: oúnjẹ, ilé, epo, dátà, owó tí ẹ fẹ́ fi pamọ́. Bí ó bá jẹ́ ₦440,000, ₦20,000 ni ojú ìwé kan, ẹ má lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ kí orúkọ yín lè jáde, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé rárá.

Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí ímeèlì: iye ojú ìwé, ọjọ́ tí yóò parí, pé àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó náà àti pé ẹ̀ẹ̀kẹta á gba owó tirẹ̀, pé orúkọ yín á wà nínú ìwé, pé ẹ lè fi iṣẹ́ náà hàn nígbà tó bá ti jáde. Ẹnìkan gba ojú ìwé mẹ́jọ lọ́wọ́ mi rí, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà yẹn, fáìlì kékeré 72 dpi tí mo kọ orúkọ mi gàdàgbà lé lórí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí. Ojúlówó á tẹ̀lé owó.

Fún owó òkèèrè, mo ń lo Payoneer. Àkáǹtì dọ́là ní báńkì náà dára. Àwọn ará Amẹ́ríkà lè ní kí ẹ kún fọ́ọ̀mù W-8BEN. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀: ó kàn ń jẹ́rìí pé ẹ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn tó ń san owó orí fún wọn ni. Owó orí tiyín, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì níbí lẹ ó san án fún.

Iná àti aago

Wákàtí márùn-ún ni Adó fi ṣíwájú New York nígbà ooru wọn, mẹ́fà nígbà òtútù. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán gangan wọn tàbí aago mọ́kànlá ni. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni àtúnṣe máa ń dé, nítorí náà mo máa ń fi àárọ̀ ṣiṣẹ́, kí n fi bátìrì pamọ́ de alẹ́. Bí iná bá wà, iṣẹ́ tó wúwo ni mo ń ṣe. Bí wọ́n bá mú un lọ, mo bọ́ sí flat, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ bátìrì. Sólà kékeré kan pẹ̀lú ínfátà sàn fún ìdí iṣẹ́ yìí ju jẹnẹrétọ̀ lọ, bí ẹ bá ti lè rówó rẹ̀ tù jọ. Òru ni mo ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá yá. Ẹ má sì ṣèlérí ọjọ́ tí kò ní àyè nínú: bí ẹ bá rò pé ọjọ́ 20 ni, ẹ pè é ní 26.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á tán

Ẹ má pa fáìlì oní-layer rẹ́. Wọ́n máa ń padà wá, pé àwọn fẹ́ tún un tẹ̀, pé àwọn fẹ́ fi àpótí kan ṣe ẹ̀yìn ìwé. Ẹ kọ orúkọ ìwé, nọ́ḿbà àti ojú ewé sórí fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì tó jìnnà síra. Ọ̀kan nínú hard drive mi wà lórí tábìlì tí mo fi ń kọ èyí. Èkejì wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Ìkéré, wọ́n fi nylon dì í, ó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn, láàárín àdìrẹ méjì. Bí mo bá lọ kí wọn, kí n tó jókòó ni wọ́n ti máa ń bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ mú nǹkan ẹ ni?"